Ikọ̀ tí Ìjọba Kò Rán

Ní ọjọ́ Ajé, 23 oṣù Kọkànlá ọdún 2020, àwọn aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jókòó nínú gbọ̀ngàn Westminster ní Lọ́ńdọ̀nù, ohun tó ṣẹlẹ̀ ní tóògéètì Lekki ní ìlú Èkó ni wọ́n sì ń sọ. Kò sí minisita Nàìjíríà kan tó rán wọn níṣẹ́ náà. Àwọn èèyàn tó lé ní 220,000 ló tọwọ́ bọ ìwé ẹ̀bẹ̀ kan lórí ìkànnì ilé aṣòfin náà, wọ́n ní kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fìyà jẹ àwọn aláṣẹ Nàìjíríà tí ọwọ́ wọn bá wà nínú ìnilára àwọn ọ̀dọ́. Òfin ibẹ̀ ni pé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ẹni tó ń gbé níbẹ̀ nìkan ló lè tọwọ́ bọ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Bí orúkọ bá pé 10,000, ìjọba á fèsì. Bó bá pé 100,000, ilé á gbé e yẹ̀ wò bóyá kí wọ́n jíròrò lé e lórí. Ti Nàìjíríà kọjá ìlọ́po méjì iye yẹn.

Ẹni tó gbé ẹjọ́ náà lọ sí ààfin ẹlòmíràn ló yẹ kí èèyàn wò dáadáa, àti ọ̀nà tó gbà débẹ̀.

Láyé àwọn baba ńlá, ọba ló ń ránṣẹ́ sí ọba. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, wọ́n a máa so owó ẹyọ mẹ́fà pọ̀ ránṣẹ́ ní àrokò: ẹ̀fà ni mẹ́fà, ẹni tó bá sì gbà á á mọ̀ pé ọkàn ẹni tó rán an fà sí òun. Bó bá jẹ́ mẹ́jọ, ẹ̀jọ ni, ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì jọ nìyẹn. Ará ọjà tó pàdé ikọ̀ lọ́nà kò mọ ohun tó wà nínú àpò rẹ̀, kò sì sí ẹni tó máa sọ fún un. Àwọn ìjọba òde òní kò fi bẹ́ẹ̀ kúrò lórí ìlànà yẹn. Aṣojú ìjọba kan ń bá aṣojú ìjọba kejì sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ará ìlú á wá gbọ́ ìwọ̀nba tí wọ́n bá fẹ́ kó gbọ́.

Lẹ́yìn náà ni àwọn ìjọba kan rí i pé ó ṣàǹfààní kí àwọn máa bá ará ìlú ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ tààrà, láì gba ọ̀dọ̀ ọba wọn. Ìdí nìyẹn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ń náwó lé BBC lórí kí ó lè máa sọ èdè oríṣiríṣi ẹ̀yà. Irú owó bẹ́ẹ̀ ló bí BBC Yorùbá, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kejì ọdún 2018, tí ọ̀pọ̀ sì ń kà lórí Facebook àti Instagram. Ìdí nìyẹn náà tí àwọn aṣojú ilẹ̀ òkèèrè ní Àbújá fi ń kí ọmọ Nàìjíríà kú ọdún lórí ìkànnì ayélujára, tí wọ́n ń ṣàlàyé físà, tí wọ́n ń polówó ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Ó ti di iṣẹ́ òòjọ́ wọn.

Pé kí ará ìlú yí i padà, kí òun náà máa bá ìjọba ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ tààrà, iṣẹ́ ńlá nìyẹn jẹ́ tẹ́lẹ̀. Nígbà ìjàkadì June 12, àwọn tó sá kúrò nílé ní láti wá owó gọbọi àti ẹ̀rọ ńlá kí ohùn rédíò wọn tó lè wọ Nàìjíríà láti ẹ̀yìn odi. Orúkọ Kudirat Abiola, tí wọ́n yìnbọn pa ní Èkó ní 4 oṣù Kẹfà ọdún 1996, ni wọ́n fi sọ rédíò náà. Kí òǹkàwé fi ọjọ́ yẹn sọ́kàn, nítorí a ó tún bá a pàdé níwájú.

Ọ̀rọ̀ SARS ló fi hàn pé ìyẹn ti yí padà. Ọdún 1992 ni wọ́n dá ẹ̀ka ọlọ́pàá tí wọ́n ń pè ní SARS sílẹ̀ láti máa lé adigunjalè. Nígbà tó fi di ọdún 2017, ọ̀rọ̀ ẹ̀ka náà ti sú àwọn ọ̀dọ́. Wọ́n ń dá wọn dúró lójú títì nítorí pé wọ́n gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká, nítorí irun dírẹ́dì, nítorí fóònù olówó ńlá, wọ́n ń gbá wọn létí, wọ́n ń mú wọn lọ sídìí ẹ̀rọ ATM láti gba owó wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohun tójú wọn rí sórí Twitter lábẹ́ àmì #EndSARS. Léraléra ni ìjọba kéde pé àwọn ti tún ẹ̀ka náà tò. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2018, Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò tó ń dele fún Ààrẹ pàṣẹ irú àtúntò bẹ́ẹ̀. Ìwà wọn kò yí padà.

Ní 3 oṣù Kẹwàá ọdún 2020, fídíò kan jáde láti Ughelli ní ìpínlẹ̀ Delta. Àwọn tó gbé e síta ní SARS ti yìnbọn fún ọ̀dọ́kùnrin kan níwájú òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n sì gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, ọ̀dọ́ ti ń sùn sójú títì níwájú ilé aṣòfin ní Aláùsá. Ní ọjọ́ 10 oṣù náà, wọ́n yìnbọn pa ọ̀dọ́kùnrin kan níbi ìfẹ̀hónúhàn ní Ògbómọ̀ṣọ́. Lọ́jọ́ kejì, tó jẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá Mohammed Adamu kéde pé wọ́n ti tú SARS ká. Nígbà tó di ọjọ́ 13, ó dá ẹ̀ka tuntun sílẹ̀, ó pè é ní SWAT. Àwọn ọ̀dọ́ ní aṣọ lásán ni wọ́n pààrọ̀, wọn kò kúrò lójú títì.

Iṣẹ́ tí fóònù ṣe ní ọ̀sẹ̀ méjì yẹn ju ariwo lọ. Àpẹẹrẹ kan ni ti Feminist Coalition, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́bìnrin tí Odunayo Eweniyi, Damilola Odufuwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn dá sílẹ̀ ní oṣù Keje ọdún yẹn gan-an. Owó tó wọlé sọ́wọ́ wọn ju mílíọ̀nù 147 náírà lọ. Wọ́n fi ra oúnjẹ àti omi fún àwọn tó wà lójú títì, wọ́n fi sanwó ọsibítù, wọ́n fi gbé lọ́yà dìde fún àwọn tí ọlọ́pàá mú, wọ́n sì ń kọ bí wọ́n ṣe ná an sórí Twitter kí gbogbo ayé rí i. Nígbà tí wọ́n dí ọ̀nà báǹkì mọ́ wọn, wọ́n bọ́ sórí bitcoin. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá, Jack Dorsey tó ni ìdarí Twitter nígbà náà rọ àwọn tó ń tẹ̀ lé e pé kí wọ́n dáwó fún wọn. Kò pẹ́ sí i, Twitter fi àwòrán ìkúùkù aláwọ̀ ewé àti funfun sí ẹ̀gbẹ́ àmì #EndSARS. Àwọn tó ń ṣèjọba kò rí irú èyí rí: kí àwọn ọmọbìnrin kan ní Èkó máa gba owó láti ilẹ̀ òkèèrè, kí wọ́n máa ṣírò rẹ̀ ní gbangba, kí wọ́n sì máa fi gba ènìyàn sílẹ̀ ní àtìmọ́lé. Ó yẹ kí ilé iṣẹ́ ìjọba tí kò ṣírò owó rẹ̀ fún ará ìlú rí kọ́gbọ́n lára wọn.

Ọ̀rọ̀ Yorùbá méjì ló di igbe gbogbo wọn: "Sọ̀rọ̀ sókè." Àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá rárá kọ ọ́ sára páálí ní Àbújá, wọ́n kọ ọ́ ní Port Harcourt, wọ́n sì gbé e dání ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí Wizkid ti bá àwọn èrò dúró níwájú ilé iṣẹ́ aṣojú Nàìjíríà. Nígbà tó di ọdún 2022, ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Cambridge tẹ ìwé kan tí Trish Lorenz kọ nípa àwọn ọ̀dọ́ ìlú ńlá Áfíríkà, Soro Soke ni àkọlé rẹ̀. Ọdún mélòó ni àwọn ilé iṣẹ́ aṣojú wa nílẹ̀ òkèèrè fi ń náwó láti gbé èdè àti àṣà wa ga? Àwọn ọmọ tí inú ń bí gbé e dé Cambridge láàárín ọdún méjì.

Alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20 oṣù Kẹwàá, ni gbogbo rẹ̀ dojú rú. Gómìnà Babajídé Sanwó-Olú ti kéde kónílé-ó-gbélé láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ó sì tún sún un sí aago mẹ́sàn-án. Aago mẹ́sàn-án kò tíì lù tí àwọn sójà fi dé sí tóògéètì Lekki. Iná ibẹ̀ ti kú. Àwọn ọ̀dọ́ jókòó sílẹ̀ lórí ọ̀dà, wọ́n gbé àsíá Nàìjíríà dání, wọ́n ń kọ orin orílẹ̀-èdè. Ìró ìbọn bẹ̀rẹ̀.

DJ Switch, olórin tó wà láàárín wọn, tan Instagram, ó ń fi ohun tó ń lọ han aráyé bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ẹni tó wo fídíò náà lóru ọjọ́ yẹn kò lè gbàgbé rẹ̀. Àwòrán ń gbọ̀n, ó ṣókùnkùn, iná fóònù nìkan ló ń tàn sára ènìyàn. A rí àwọn tó yí ẹnìkan tó fara gbọgbẹ́ ká, tí wọ́n ń wá bí ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ á ṣe dá. A gbọ́ igbe, a gbọ́ ìbọn, a gbọ́ ohùn obìnrin kan tí kò jẹ́ kí ẹ̀rù gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló ń wò ó ní Ìkòròdú àti ní Houston lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ilẹ̀ tó mọ́, Rihanna àti Beyoncé ti sọ̀rọ̀, Hillary Clinton ti kọ ọ́ sí Ààrẹ Muhammadu Buhari àti iléeṣẹ́ ológun ní gbangba pé kí wọ́n dẹ́kun pípa àwọn ọ̀dọ́. Joe Biden tó ń du ipò ààrẹ Amẹ́ríkà náà fi ọ̀rọ̀ síta. Ní ọjọ́ 22, ìjọba Amẹ́ríkà bẹnu àtẹ́ lu bí àwọn ológun ṣe lo agbára lórí àwọn tí kò gbé ohun ìjà.

Ibi tí iṣẹ́ fóònù ti hàn jù lọ kò sí nínú ọ̀rọ̀ àwọn gbajúmọ̀ wọ̀nyẹn. Ó wà nínú bí ọ̀rọ̀ àwọn aláṣẹ ṣe ń yí padà láti ọjọ́ dé ọjọ́.

Lákọ̀ọ́kọ́, iléeṣẹ́ ológun lẹ àkọlé "irọ́" mọ́ ìròyìn àwọn ìwé ìròyìn lórí Twitter. Gómìnà kọ́kọ́ ní kò sẹ́ni tó kú, ó tún wá jẹ́wọ́ pé ẹnìkan kú. Ní ọjọ́ 26 oṣù náà, ó sọ fún CNN pé fídíò tó wà fi hàn pé aṣọ ológun Nàìjíríà ni àwọn tó wá síbẹ̀ wọ̀. Àwọn ológun náà wá gbà pé àwọn lọ, wọ́n ní ìjọba ìpínlẹ̀ ló pe àwọn, wọ́n ní ọta tí kò ní irin lórí ni àwọn yìn, wọ́n sì ní òfuurufú ni àwọn yìn ín sí. Nígbà tó di 21 oṣù Kọkànlá, Ọ̀gágun Ibrahim Taiwo dúró níwájú ìgbìmọ̀ olùwádìí, ó jẹ́wọ́ pé àwọn sójà gbé ọta tó ń pani dání pẹ̀lú. Láàárín oṣù kan, ọ̀rọ̀ ti rìn láti "irọ́ ni" dé "a gbé ọta dání." Ká ní kò sí fóònù kankan ní tóògéètì lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ náà ni ì bá jẹ́ ìkẹyìn. Àwọn tó ti dàgbà mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń rí tẹ́lẹ̀.

Ààrẹ Buhari bá orílẹ̀-èdè sọ̀rọ̀ ní 22 oṣù Kẹwàá. Ó ya àyè sọ́tọ̀ fún àwọn ilẹ̀ òkèèrè, ó rọ̀ wọ́n kí wọ́n mọ òótọ́ ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó dájọ́. Kò dárúkọ Lekki. Èyí ló fi hàn pé àwọn aláṣẹ ti rí i pé ayé ń wò wọ́n, ṣùgbọ́n wọn kò tíì rí i pé ẹni tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ dá lóhùn ni ọmọ tiwọn. Bí baba bá ń bẹ aládùúgbò pé kó má gbọ́ ẹjọ́ ọmọ òun, tí kò sì bá ọmọ náà sọ̀rọ̀, ẹjọ́ náà kò lè tán.

Àwọn ọ̀dọ́ náà ní ẹ̀kọ́ kan láti kọ́ nípa aládùúgbò ọ̀hún. Ní ìparí oṣù Kẹwàá yẹn, Kate Osamor, aṣòfin kan tí ìdílé rẹ̀ wá láti Nàìjíríà, tẹnu mọ́ ìbéèrè rẹ̀ títí James Duddridge, minisita Gẹ̀ẹ́sì fún ọ̀rọ̀ Áfíríkà, fi jẹ́wọ́ pé láàárín ọdún 2016 sí 2020, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì náwó sí ètò tó dá àwọn ọlọ́pàá SARS lẹ́kọ̀ọ́, tó sì fún wọn ní ohun èlò. Wọ́n ti kọ́kọ́ sẹ́ ẹ. Nítorí náà, nígbà tí àwọn aṣòfin jókòó ní Westminster láti gbọ́ ẹjọ́ SARS, owó ará ìlú tiwọn wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n sọ̀rọ̀ tó dára, ọ̀pọ̀ nínú wọn fi àánú hàn. Ìjọba wọn ní àwọn kì í sọ̀rọ̀ ṣáájú nípa ẹni tí àwọn máa fìyà jẹ. Kò sí ẹni tí wọ́n wá kéde lẹ́yìn náà.

Àánú ilẹ̀ òkèèrè dára. Ó ń mú kí aláṣẹ rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó yìnbọn. Ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní ohun tó ń wá ní Nàìjíríà: epo, ọjà, ogun Boko Haram, ìbò láàárín àwọn orílẹ̀-èdè. Bí ọ̀rọ̀ bá kan èyí, àánú á padà sẹ́yìn. Ó ti hàn bẹ́ẹ̀ ṣáájú, nígbà tí wọ́n kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin 276 ní Chibok ní oṣù Kẹrin ọdún 2014. Michelle Obama fọwọ́ ara rẹ̀ gbé páálí #BringBackOurGirls dání, gbogbo ayé rí i, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà pẹ́ nínú igbó fún ọdún gbọọrọ, àwọn kan kò sì tíì padà wálé.

Ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀rọ̀ náà wà tí olóòótọ́ kò gbọdọ̀ fò. Ojú òpó kan náà tó gbé fídíò Lekki ló gbé irọ́. Ní ọjọ́ méjì, wọ́n kéde ikú àwọn tí kò kú. Òṣèré tíátà gbajúmọ̀ kan ní láti jáde sọ fúnra rẹ̀ pé ìbọn kò ba òun. Àwòrán ibòmíràn di àwòrán Lekki. Ní 21 oṣù Kẹwàá, nígbà tí inú ń ru ní gbogbo Èkó, àwọn jàǹdùkú dáná sun ilé ẹjọ́ gíga tó wà ní Igbóṣeré, wọ́n sun iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n TVC, wọ́n sun bọ́ọ̀sì BRT ní Oyíngbò, wọ́n sì wọ ààfin Ọba Èkó, wọ́n gbé ọ̀pá àṣẹ jáde sí ìta. Àwọn tó jókòó sílẹ̀ tó ń kọ orin orílẹ̀-èdè kọ́ ló ṣe èyí. Síbẹ̀ irọ́ tó ń tàn láti fóònù dé fóònù fi epo sí iná náà, ó sì fún ìjọba ní ohun tó ń wá. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá bi í léèrè nípa òkú, á fi àwòrán ayédèrú kan dáhùn. Ẹni tó bá fi irọ́ kan kún òótọ́ mẹ́wàá ti ta àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá.

Ìdáhùn ìjọba tó le jù wá ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ní 1 oṣù Kẹfà ọdún 2021, Ààrẹ Buhari kọ ọ̀rọ̀ kan sórí Twitter nípa ogun abẹ́lé, tó fi halẹ̀ mọ́ àwọn tó ń dá rúgúdù sílẹ̀. Twitter yọ ọ́ kúrò. Lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrin oṣù náà, ìjọba fòfin de Twitter. Ọjọ́ yẹn pé ọdún 25 gééré tí wọ́n pa Kudirat Abiola. Kò sí ẹ̀rí pé ẹnikẹ́ni nínú ìjọba ronú kan ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n àwọn tó bá wọn jà nígbà yẹn rántí rẹ̀.

Abubakar Malami, tó jẹ́ minisita ètò ìdájọ́, ní kí wọ́n gbé ẹni tó bá ṣì ń lò ó lọ sí ilé ẹjọ́. Àjọ NBC ní kí àwọn iléeṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ti ojú ewé wọn pa. Àwọn aṣojú Amẹ́ríkà, Gẹ̀ẹ́sì, Kánádà, Ireland àti Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù jùmọ̀ fi ìwé síta láti ta ko òfin náà, minisita ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè sì pè wọ́n wá sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ní òdìkejì, Donald Trump tí Twitter ti lé kúrò kí Nàìjíríà kú iṣẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ kò bá wọn jiyàn. Wọ́n gbé VPN sórí fóònù, wọ́n sì ń wọlé bíi pé Holland tàbí Kánádà ni wọ́n wà. Ẹni tó jìyà rẹ̀ jù ni àwọn tó ń ta aṣọ, bàtà àti oúnjẹ lórí ìkànnì náà, tí oníbàárà wọn sọnù. Ọjọ́ 222 ni òfin náà fi wà kí wọ́n tó ká a kúrò ní 13 oṣù Kìíní ọdún 2022. Ní oṣù Keje ọdún yẹn, ilé ẹjọ́ ECOWAS dájọ́ pé kò bá òfin mu.

Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan ló ti dán an wò. Ní 4 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, ìjọba Nepal ti ìkànnì 26 pa, Facebook, WhatsApp àti YouTube wà nínú wọn. Ọ̀dọ́ tú jáde ní ọjọ́ kẹjọ, àwọn agbófinró pa 19 nínú wọn lọ́jọ́ náà, olórí ìjọba K. P. Sharma Oli sì fi ipò sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Orí Discord, ìkànnì tí àwọn tó ń gbá géèmù ń lò, ni àwọn ọ̀dọ́ náà ti jíròrò ẹni tí wọ́n fẹ́. Ọjọ́ kejìlá ni wọ́n búra fún Sushila Karki, tó ti jẹ́ olórí àwọn adájọ́ rí. Kenya ló fi ọ̀nà mìíràn hàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ti ta sílẹ̀ kí wọ́n tó gbà á. Lẹ́yìn tí àwọn ọ̀dọ́ wọ ilé aṣòfin ní Nairobi ní 25 oṣù Kẹfà ọdún 2024 nítorí owó orí, Ààrẹ William Ruto fa ìwé òfin náà sẹ́yìn lọ́jọ́ kejì. Ní 5 oṣù Keje, ó wọlé fúnra rẹ̀ sórí X, tó ń jẹ́ Twitter tẹ́lẹ̀, ó jókòó, ó gbọ́ ìbéèrè àwọn tó ń bínú sí i. Wọ́n sọ òkò ọ̀rọ̀ sí i. Ó dáhùn. Ọ̀rọ̀ náà kò parí níbẹ̀, ìfẹ̀hónúhàn tún ṣẹlẹ̀ ní Kenya. Síbẹ̀ ààrẹ tó lè gbọ́ ìbéèrè lẹ́nu ọmọ ìlú rẹ̀ ní gbangba ti ṣe ohun kan tí Ààrẹ Nàìjíríà kò ṣe ní ọdún 2020.

Padà sílé. Ìgbìmọ̀ olùwádìí tí Adájọ́ Doris Okuwobi darí fi àbọ̀ rẹ̀ fún ìjọba Èkó ní 15 oṣù Kọkànlá ọdún 2021. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ará ìlú ti kọ́kọ́ kà á, nítorí ẹnìkan tú u síta. Ìgbìmọ̀ náà ní a lè pe ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Lekki ní ìpakúpa. Nígbà tí oṣù náà ń parí lọ, ìjọba ìpínlẹ̀ ní ẹ̀rí ìgbìmọ̀ náà tako ara rẹ̀. Nínú ìmọ̀ràn 32 tí wọ́n gbà á, 11 péré ló tẹ́wọ́ gbà láì yí i padà. Ní 10 oṣù Keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ ECOWAS dájọ́ fún DJ Switch àti àwọn obìnrin méjì mìíràn pé ìjọba àpapọ̀ tẹ ẹ̀tọ́ wọn lójú ní Lekki. Ó ní kí ìjọba san mílíọ̀nù méjì náírà fún ẹnìkọ̀ọ̀kan wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbà pé wọ́n fi ẹ̀rí ẹ̀sùn ìpànìyàn múlẹ̀ níwájú rẹ̀. Ibi tí fóònù bá ọ̀rọ̀ dé nìyẹn: iwájú adájọ́, pẹ̀lú ọjọ́, wákàtí àti àwòrán. Ọ̀dọ́ tó bá tún fẹ́ jáde lọ́la kó tọ́jú ohun tó bá yà, kó kọ ọjọ́ àti ibi tó ti yà á sí i, kó má sì fi ohun tí kò rí kún un.

Ohun kan ṣì wà nílẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2023, lẹ́tà ìjọba Èkó kan tú sórí ìkànnì ayélujára. Ó fọwọ́ sí N61,285,000 fún sísin òkú 103 pọ̀, ó sì pè wọ́n ní òkú EndSARS ọdún 2020. Nígbà tí ariwo pọ̀, ìjọba ní wọn kì í ṣe òkú Lekki. Ó ní láti Fagbà, Kétu, Ìkòròdú, Orílé àti àwọn àdúgbò mìíràn ni wọ́n ti kó wọn nígbà rògbòdìyàn náà, àti pé kò sí ẹbí tó wá gbà wọ́n fún bí ọdún mẹ́ta. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ náà ni, ọmọ ènìyàn 103 ni wọ́n, wọ́n kú ní Èkó láàárín ọjọ́ díẹ̀, kò sì yẹ kó jẹ́ lẹ́tà tó tú ni ará ìlú máa ti gbọ́ nípa wọn.

Ìjọba Èkó ní ìkànnì tó ń fi iṣẹ́ ọ̀nà àti afárá hàn lójoojúmọ́. Kí ó gbé àkọsílẹ̀ àwọn òkú náà síbẹ̀: ibi tí wọ́n ti gbé ẹnìkọ̀ọ̀kan, ọjọ́ tí wọ́n gbé e, aṣọ tó wọ̀, ohun tí dókítà rí lára rẹ̀ àti ibi tí wọ́n sin ín sí. Ìyá tó ṣì ń wá ọmọ rẹ̀ ní Kétu ní fóònù lọ́wọ́. Kí ó lè rí i kà.